Àfikún Bùráúsà: Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Ń Gba Kọ́kọ́rọ́ Ilé

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láìmọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń jìyà nítorí pé wọn kò ní in. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àgbẹ̀ kan fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ra kòkó, ó sì ṣí ojú ewé ìròyìn lórí fóònù rẹ̀. Kí ó tó rí ìlà kan kà, àwòrán ẹni tí ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ti bo ojú fóònù náà pátá. Ó pa á dé, òmíràn yọ láti ìsàlẹ̀. Fídíò tí kò pè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Nígbà tí yóò fi rí iye kòkó náà, apá kan nínú dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà ní òwúrọ̀ ti lọ sórí ohun tí kò béèrè. Fóònù rẹ̀ kò ṣàìsàn. Bí a ti ṣe ojú ewé náà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ wà fún un, tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú ìrànlọ́wọ́ náà pàápàá, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀kan kí a fi èkejì pamọ́.

Bùráúsà ni a ń pe ohun èlò inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Chrome tí ilé iṣẹ́ Google ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ òbìrìkìtì aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti búlúù. Firefox tí àjọ Mozilla ṣe wà pẹ̀lú, Safari sì wà lórí àwọn fóònù Apple. Àfikún ni iṣẹ́ kékeré tí a so mọ́ bùráúsà, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ṣe é, kí bùráúsà náà lè máa ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere lè máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ máa fi ru iṣu láti oko, yóò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kí ó bá a so irin ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kò yí padà, ìwúlò rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Firefox ti ń gba irú àfikún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ó ti jáde ní ọdún 2004. Ní ọdún 2010 ni Chrome náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n, tí Google sì ṣí ìsọ̀ ńlá kan tí a ti lè rí wọn ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a tètè sọ, kí ẹnikẹ́ni má ba à wá a títí kí ó fi rẹ̀ ẹ́. Chrome tí ó wà lórí fóònù Android kì í gba àfikún. Orí kọ̀ǹpútà ni ó ti ń gbà wọ́n. Ẹni tí kò ní ju fóònù Android lọ, Firefox ni kí ó gbé sórí rẹ̀, nítorí pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Mozilla ti ṣí ìsọ̀ àfikún rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún àwọn fóònù bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Firefox, ó sì lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú Chrome láìsí ìjà. Àwọn tí ń lo fóònù Apple ti lè so àfikún mọ́ Safari láti ọdún 2021.

Ẹni tí ń dá ìpolówó dúró lẹ́nu ọ̀nà

Nígbà tí ẹ bá ṣí ojú ewé kan, ẹ má ṣe rò pé ibì kan ṣoṣo ni fóònù yín lọ. Ó lọ bá kọ̀ǹpútà oníròyìn, ó sì gba ọ̀rọ̀ ìròyìn bọ̀. Ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sínú ojú ewé náà pé kí fóònù yín tún yà lọ sí ọ̀dọ̀ olùpolówó kìíní, àti èkejì, àti ẹ̀kẹwàá, kí ó lọ ru àwòrán àti fídíò wá, kí ó sì lọ ròyìn fún àwọn mìíràn pé ẹni báyìí ti wá, ohun báyìí ni ó kà, ibi báyìí ni ó ti wá. Gbogbo ìrìn àjò wọ̀nyí, ẹ̀yin ni ẹ ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò tó kílóbáìtì 30. Fídíò ìpolówó tí kò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ lè gba mẹ́gábáìtì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ mẹ́gábáìtì kan jẹ́ kílóbáìtì ẹgbẹ̀rún kan. Dátà tí fídíò kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ jẹ ìbá tó láti fi gba irú ẹ̀kọ́ yìí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Àfikún tí a mọ̀ jù lọ fún ọ̀ràn yìí ni uBlock Origin. Ọ̀gbẹ́ni Raymond Hill ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 2014. Ìwé orúkọ gígùn kan wà lọ́wọ́ àfikún yìí, nínú èyí tí a kọ àdírẹ́sì àwọn olùpolówó àti àwọn tí ń tọ ipasẹ̀ ènìyàn sí. Bí fóònù bá ti fẹ́ yà lọ sí ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí, àfikún náà yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: kì í ṣe pé ó gbé ìpolówó náà wá tán kí ó tó fi aṣọ bò ó. Fóònù kò lọ rárá, dátà kò sì ná. Nọ́ńbà kan wà lára àmì rẹ̀ tí ń fi hàn yín iye ìgbà tí ó dá fóònù dúró lórí ojú ewé tí ẹ ń kà.

Kò gba owó, ẹni tí ó ṣe é kò sì tọrọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú sí orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2015, Hill fi iṣẹ́ àkọ́kọ́, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ uBlock lásán, lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́ orúkọ uBlock Origin. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dà láti ìgbà náà. Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ náà “Origin” lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ má ṣe gbà á.

Àríyànjiyàn kan sì wà tí ó kan àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà. Google yí òfin àfikún Chrome padà, ó ní nítorí ààbò ni. Nítorí òfin titun yìí, láti ọdún 2024 títí wọ inú ọdún 2025, wọ́n ti uBlock Origin kúrò lórí Chrome. Èyí tí a lè gbà síbẹ̀ ni uBlock Origin Lite, láti ọwọ́ ẹni kan náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Firefox ṣì ń gba èyí tí ó pé. Òótọ́ ni pé òfin náà dí àwọn ihò kan tí àwọn olè ń gbà wọlé. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé láti inú ìpolówó ni Google ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi ẹlẹ́mu ṣe adájọ́ lórí ọ̀ràn ẹni tí kò fẹ́ mu ẹmu kí àwọn ènìyàn má kùn.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀tọ́ àwọn oníwèé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó ìpolówó ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn akọ̀ròyìn. Bí ìwé ìròyìn kan bá wà tí ẹ fẹ́ràn, tí ìpolówó rẹ̀ kò sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ tẹ àmì uBlock Origin nígbà tí ẹ bá wà lórí ojú ewé rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ńlá tí ó wà níbẹ̀. Yóò sinmi fún ojú òpó náà nìkan, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ níbi yòókù.

Ẹni tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìwọlé

Àṣà kan wà láàárín wa tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ni ẹnì kan ń lò fún Facebook, fún ímeèlì, fún ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ àti fún báńkì. Ìyẹn dàbí kí kọ́kọ́rọ́ kan máa ṣí ilé, ìsọ̀, ahéré àti àpótí owó. Bí olè bá rí i níbi tí kò ní láárí, ó ti rí i níbi gbogbo.

Bitwarden, tí ó jáde ní ọdún 2016, ni àfikún tí ó dára fún èyí, ọ̀fẹ́ sì ni fún ìlò ojoojúmọ́. Yóò bá yín ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìwọlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó gùn tí ó sì le fún ibi kọ̀ọ̀kan, yóò tọ́jú wọn sínú àpótí kan tí a tì pa, yóò sì bá yín kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀yin yóò há sórí ni èyí tí ń ṣí àpótí náà. Àwọn tí ó ni Bitwarden pàápàá kò mọ̀ ọ́n, wọn kò sì lè ṣí i fún yín bí ẹ bá gbàgbé. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì fi í sí ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ yín sí. Ìwé tí ó wà nínú àpótí yín nínú ilé kò burú. Èyí tí a kọ sí ẹ̀yìn fóònù ni ó burú.

Àǹfààní mìíràn wà nínú rẹ̀ tí àwa kà sí èyí tí ó tóbi jù. Àwọn gbájúẹ̀ a máa ṣe ojú ewé tí ó jọ ti báńkì bí ìbejì, wọn a sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ pé àkáǹtì yín fẹ́ kú, kí ẹ tètè wọlé. Ojú ènìyàn kò lè tètè rí i pé nọ́ńbà 1 ni wọ́n fi rọ́pò lẹ́tà l nínú orúkọ náà, pàápàá ojú àgbàlagbà ní àṣálẹ́. Àfikún yìí kì í wo ẹwà ojú ewé; àdírẹ́sì ni ó ń wò. Bí àdírẹ́sì náà kì í bá ṣe èyí tí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò dákẹ́, kò ní fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yín hàn. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ó dákẹ́ níbi tí ó ti máa ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí a ó kàn dárúkọ. Dark Reader a máa sọ ojú ewé funfun di dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ má ba à máa gún ẹni lójú lóru. Àfikún Google Translate a máa túmọ̀ ojú ewé èdè àjèjì. Yorùbá sì ti wà lára àwọn èdè rẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ a máa ta kókó nígbà mìíràn, tí kò sì yẹ kí a gbára lé e lórí ọ̀ràn oògùn tàbí ìwé àdéhùn. Àwọn àfikún kan sì wà tí ọjọ́ wọn ti kọjá. HTTPS Everywhere, tí ó ń rí i dájú pé ọ̀rọ̀ ń lọ láàárín fóònù àti ojú òpó nínú ìdè, ṣiṣẹ́ takuntakun láti ọdún 2010; nígbà tí àwọn bùráúsà fúnra wọn kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn tí ó ṣe é fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní ọdún 2023. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí lẹ́tà tóbi kò nílò àfikún kankan, inú ètò bùráúsà ni ó wà.

Kọ́kọ́rọ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́

Nísinsìnyí a dé ibi ewu náà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba àfikún kan, bùráúsà yóò fi ìwé àṣẹ kan hàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé àfikún náà yóò lè ka gbogbo ohun tí ó wà lórí gbogbo ojú òpó tí ẹ bá ṣí, yóò sì lè yí i padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tẹ̀ ẹ́ láìkà á. Ẹ rò ó wò: gbogbo ojú òpó ni a wí, ti báńkì náà sì wà lára wọn. uBlock Origin ń béèrè irú àṣẹ yìí nítorí pé kò lè dá ìpolówó dúró láìrí i. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbá ilé kò lè ṣàì wọ yàrá. Ṣùgbọ́n àfikún tí ń ṣe ìṣirò lásán, tàbí èyí tí ń fi òdòdó ṣe ojú kọ̀ǹpútà lọ́ṣọ̀ọ́, kí ni ó ń wá nínú yàrá?

Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó dára lónìí sì lè lọ kí ẹlòmíràn wọ aṣọ rẹ̀ wá. Àfikún kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Great Suspender, tí ó máa ń jẹ́ kí àwọn ojú ewé tí a kò lò sùn, kí kọ̀ǹpútà lè fúyẹ́. Àwọn tí ń lò ó lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n sì ń yìn ín. Ní ọdún 2020, ẹni tí ó ṣe é tà á fún àwọn kan tí wọn kò fi ara wọn hàn. Kò sí ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn tí ń lò ó, nítorí àfikún a máa gba àtúnṣe fúnra rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó yá, àwọn amòye rí i pé ó ti ń gba àṣẹ ìkọ̀kọ̀ láti ibòmíràn, àti ní oṣù Kejì ọdún 2021 Google yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì pa á lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tí ó ní i.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà Kérésìmesì ọdún 2024 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ta ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ Cyberhaven, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà gan-an, ní àfikún kan lórí Chrome. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ wọn gba ímeèlì kan tí ó dàbí ẹni pé láti ìsọ̀ Chrome ni ó ti wá, tí ó ní àfikún wọn rú òfin, a ó sì yọ ọ́. Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ayédèrú àtúnṣe ti wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń lo àfikún náà tó nǹkan bí 400,000. Ohun tí ó ń jí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan. Ó ń jí ìwé ẹ̀rí kékeré tí ojú òpó máa ń fún ẹni tí ó ti wọlé, kí ó má ba à tún béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá jí ìwé ẹ̀rí náà yóò wọlé bí ẹni tí ó ni ín. Wọ́n rí i kí ọjọ́ náà tó parí, wọ́n sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé àfikún tí ó lé ní 30 ni a fi irú ọgbọ́n kan náà mú.

Nítorí èyí ni a fi ń rọ̀ yín pé kí àfikún yín má pọ̀. Méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ sàn ju mẹ́wàá tí ẹ ti gbàgbé ìdí tí ẹ fi gbà wọ́n. Láti ìsọ̀ bùráúsà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á. Ojú ewé tí ó bá ní kí ẹ gba àfikún kan kí ẹ tó lè wo eré ìbọ́ọ̀lù tàbí sinimá, ẹ sá fún un. Ní ìsọ̀ Firefox, àwọn kan wà tí ó ní àmì ìyìn. Òṣìṣẹ́ Mozilla ti yẹ àwọn wọ̀nyí wò kí wọ́n tó fi àmì náà sí i, uBlock Origin sì wà lára wọn.

Àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà olówó ìdánilò, bóyá láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, kò mọ àfikún tí ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ ṣáájú ti so mọ́ ọn. Kí wọ́n ní kí olùtọ́jú ibẹ̀ ṣí fèrèsé àlejò fún wọn nínú Chrome, èyí tí a kọ “Guest” sí. Àfikún kì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pa á dé, gbogbo ohun tí bùráúsà náà mọ̀ nípa wọn ti lọ.

Láti wo àwọn tí ó wà lórí fóònù yín, ẹ ṣí Firefox, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, kí ẹ sì tẹ “Extensions”. Lórí Chrome ti kọ̀ǹpútà, àwòrán kékeré tí ó rí bí ègé àdìtẹ̀pọ̀ ni kí ẹ wá ní apá ọ̀tún lókè. Ẹ ka orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rántí pé ẹ gbà, ẹ tẹ “Remove” lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọ ojú òpó báńkì yín, ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì náà padà ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì náà lórí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà, kí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ lè di asán, kí ẹ tó tún wọlé.